Ogun Bọ́má Létí Ará Ìbàdàn

Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní ogun Hítílà, bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939. Ọjọ́ kẹta oṣù náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun ti gbógun ti Jámánì. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà nígbà náà, nítorí náà Ìbàdàn wọ ogun lọ́jọ́ kan náà láìsí ẹni tó bi Olúbàdàn àti àwọn ìjòyè rẹ̀ léèrè. Ìlú yìí kò ṣàjèjì sí ogun. Ibùdó ogun ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn arúgbó tó rántí ogun Kírìjí sì ṣì wà láyé ní 1939. Ṣùgbọ́n ogun tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí ẹsẹ̀ ń rìn dé ojú rẹ̀. Nínú ogun bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá bógun lọ máa ń ní ẹlẹ́rìí: ará àdúgbò tí wọ́n jọ jáde nílé ni yóò padà wá sọ fún ìyá rẹ̀ ibi tó ṣubú sí, àti ohun tó sọ kẹ́yìn. Ogun Hítílà kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè òkun ló ti ń jà, ẹnu ẹlòmíràn ni Ìbàdàn sì ti ní láti máa gbọ́ ọ.

Ọdún tí ogun bẹ́ gan-an ni àpótí ìròyìn dé ìlú náà. Oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní Èkó. Ìbàdàn ló tẹ̀ lé e ní 1939. Kì í ṣe rédíò tí ènìyàn lè yí kiri láti wá ibùdó tó wù ú. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gba ohùn Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ láti ojú òfúrufú, tó ń fi wáyà pín in láti orí òpó dé inú ilé, tí onílé sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù bá sọ ni àpótí ń sọ. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ilé akọ̀wé ìjọba, ilé olùkọ́, ilé oníṣòwò tó rí jájẹ àti ilé àwọn òyìnbó ló wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹnu ọmọ tó lọ sílé ìwé ni ìròyìn ń gbà dé etí bàbá tí kò lọ, ó sì ń pààrọ̀ àwọ̀ bó ṣe ń ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn.

Ìwé ìròyìn náà ń ṣe tirẹ̀. Láti ọdún 1924 ni Dẹnrelé Adétímíkàn Ọbasá ti ń tẹ Yoruba News jáde ní Ìbàdàn, ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. West African Pilot, tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937, ń ti Èkó wá. Ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901, Dùgbẹ̀ tí ọkọ̀ ń dúró sí sì ni ìwé àti àlejò ti kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wọn tó tàn dé Ọjàaba àti Bẹẹrẹ.

Ohun tí gbogbo wọn ń ròyìn ni ìlú tí wọ́n gbà, ìlú tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ tó rì, àti ọ̀rọ̀ tí Churchill sọ. Ìjọba ń yẹ ìròyìn wò kó tó jáde. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí irọ́ nínú ohun tó kù lẹ́yìn àyẹ̀wò náà. Àìpé ló pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1941, àwọn sójà Nàìjíríà wọ Mogadishu, ní oṣù Kẹta wọ́n wọ Harar ní Ethiopia, àwọn Ítálì sì ń sá níwájú wọn. Ìròyìn yìí dé Ìbàdàn kíákíá, inú ènìyàn sì dùn sí i. Orúkọ àwọn tó kú lójú ọ̀nà gígùn yẹn kò dé lọ́nà kan náà. Ẹni tó bá tẹ́tí sí àpótí lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun títí dé òpin lè mọ gbogbo ìlú tí ogun kọjá, kó má sì mọ̀ bóyá ọmọ ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé.

Ní oṣù Kejì ọdún 1942, Japan gba Singapore. Ní oṣù Kẹta, ó gba Rangoon, olú ìlú Bọ́má. Láti ìgbà náà ni ogun ti yí ojú padà fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1943, wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan, Division 81, jọ nílẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n dá Division 82 sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast tó di Ghana, ọmọ Sierra Leone àti ọmọ Gambia ló para pọ̀ di ẹgbẹ́ méjèèjì. Láàárín àwọn Yorùbá tó wọ iṣẹ́ ológun, ọ̀pọ̀ jẹ́ awakọ̀, kápẹ́ńtà, akọ̀wé àti olùtọ́jú aláìsàn, nítorí pé ẹni tó kàwé díẹ̀ tàbí tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹgbẹ́ ológun ń wá níhìn-ín. Ohun tó mú wọn lọ kò dọ́gba. Owó oṣù fa àwọn kan, ìfẹ́ láti ríran ká ayé fa àwọn mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí ìjòyè tàbí ọ̀gá iṣẹ́ tì wọ́n síwájú. Àwọn onítàn gbà pé nǹkan bí 100,000 ọmọ Áfíríkà ló lọ jà ní Bọ́má.

Aláǹtakùn ni àmì ara aṣọ Division 81. Ti Division 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká aláàárù. Òṣùká yẹn sọ púpọ̀ nípa ogun náà, nítorí pé orí àti ọrùn aláàárù ló gbé e. Àfonífojì Kaladan, ní agbègbè Arakan ní Bọ́má, kò ní ojú ọ̀nà kankan. Àwọn sójà Division 81 fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà tó tó 75 máìlì lórí òkè àti nínú igbó, wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 1944, ọ̀nà tí jíìpù nìkan lè gbà. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù. Ọta ìbọn, oúnjẹ àti oògùn ń ti òfúrufú já bọ́ láti inú bàálù, aláàárù á sì rù wọ́n dé ojú ìjà. Àwọn aláàárù yìí kan náà ló ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ padà. Òjò ilẹ̀ yẹn lé ní ìlọ́po mẹ́ta òjò Ìbàdàn láàárín ọdún kan. Bó bá bẹ̀rẹ̀, odò á kún, ọ̀nà á pòórá, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ọta kò rí ṣe. Ní oṣù Kínní ọdún 1945, àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gba Myohaung. Division 82 ló tẹ̀ síwájú dé Letmauk lẹ́yìn náà nínú ọdún kan náà, ìjà tó gbóná sì wáyé níbẹ̀.

Ẹni tó wà nílé kò rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Lẹ́tà ló ní. Lẹ́tà náà sì kọ́kọ́ gba ọwọ́ ayẹ̀wéwò tó ń fi yíǹkì dúdú pa orúkọ ìlú àti òkè rẹ́, kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ohun tó máa ń kù ni ìkíni: ṣé dáadáa ni Màámi wà, ṣé àbúrò ti padà sílé ìwé, ẹ bá mi kí àwọn ará ilé. Bí òbí kò bá mọ̀wé, olùkọ́, ajíhìnrere tàbí akọ̀wé tó ń gbowó lórí lẹ́tà ló ń kà á fún un, ẹni náà ló sì ń kọ èsì. Owó tí sójà yà sọ́tọ̀ fún ará ilé láti inú owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ìròyìn mìíràn. Bí owó bá ń dé, ọmọ wà láàyè. Bí owó bá dúró, kò sí ẹni tí ìyá náà lè bi léèrè ju akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn tábìlì lọ.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí ń bẹ̀rù jù nínú ìwé tí ìjọba fi ń ránṣẹ́ ni àwátì. Ikú ní ètò tirẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá: wọ́n á sunkún, wọ́n á ṣètùtù bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, ìyàwó á ṣe opó, wọ́n á pín ogún, ọjọ́ á sì máa gorí ọjọ́. Ẹni tó di àwátì kò fàyè gba èyíkéyìí nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Nínú gbogbo ohun tí ogun òkèèrè gbà lọ́wọ́ ilé, èyí ló wúwo jù, kò sì sí ìwé ìṣirò kankan tó kà á.

Ọ̀kan nínú àwọn àwátì náà padà wálé, ìtàn rẹ̀ ló sì tan ìmọ́lẹ̀ jù lọ sí ohun tí ìròyìn kò sọ. Isaac Fádóyèbọ̀ jẹ́ ọmọ Emùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ní oṣù Kínní ọdún 1942, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì fún un. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn sójà Japan ká ikọ̀ rẹ̀ mọ́ etí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú níbẹ̀. Ìbọn ba Fádóyèbọ̀ lẹ́sẹ̀ àti níkùn, kò sì lè dìde. David Kargbo, ọmọ Sierra Leone tí òun náà fara gbọgbẹ́, ló kù pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ará abúlé ló rí wọn nínú igbó. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwọn tí ayé ń pè ní Rohingya. Àwọn ọmọ Áfíríkà méjèèjì sọ pé Mùsùlùmí ni àwọn náà, Fádóyèbọ̀ sì ń jẹ́ Suleman. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shuyiman gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń pín oúnjẹ tí kò tó wọn pẹ̀lú àlejò tí ìrísí rẹ̀ nìkan tó láti mú ikú bá gbogbo ilé. Bí Japan bá rí wọn níbẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá yè. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀, títí àwọn sójà Gurkha tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì fi dé abúlé náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Ní gbogbo àsìkò yẹn, asọ̀rọ̀mágbèsì ń ròyìn Arakan lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Emùré-Ilé kò rí lẹ́tà kan gbà láti ọwọ́ ọmọ wọn.

Fádóyèbọ̀ padà sílé ní 1945 pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò ṣe dáadáa mọ́, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní 1999. Ní 2011, Barnaby Phillips, akọ̀ròyìn tẹlifíṣọ̀n, mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́má, ó sì rí àwọn ọmọ Shuyiman. Fádóyèbọ̀ gbọ́ pé lẹ́tà náà dé kó tó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012.

Ogun náà gba ọ̀nà mìíràn wọ Ìbàdàn, ọ̀nà ọjà. Bí Japan ti gba Malaya, rọ́bà àti epo pupa ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọjú sí Nàìjíríà fún rọ́bà, epo àti èkùrọ́. Ọkọ̀ ojú omi tí ì bá kó ọjà wá ń kó sójà àti ohun ìjà. Iyọ̀, kẹrosíìnì, aṣọ àti páànù ọ̀wọ́n gógó, oúnjẹ ń gbówó lórí, owó oṣù kò sì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fa ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti oṣù Kẹfà ọdún 1945 nìyẹn: òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn mìíràn kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìran tó tẹ̀ lé wọn mọ irú rẹ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì ọdún 2022, àlìkámà gbówó lórí ní gbogbo ayé, ẹni tó sì lọ ra búrẹ́dì ní Bódìjà bá ogun náà pàdé níbẹ̀.

Àgbẹ̀ kòkó ló gbé ẹrù tó pẹ́ jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ara rẹ̀ di oníbàárà kan ṣoṣo fún kòkó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó ń dá iye lé e fúnra rẹ̀. Ní 1942, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, West African Produce Control Board, láti máa bójú tó o. Ogun parí, ètò náà kò parí. Ní 1947, ó di ìgbìmọ̀ títa kòkó fún Nàìjíríà. Ní 1954, ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn gba tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí àgbẹ̀ gbà àti iye tí kòkó ń mú wá lókè òkun ni ìjọba ẹkùn náà fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ilé Kòkó tó parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965 wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ogun Hítílà fọwọ́ kàn ní Ìbàdàn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Jámánì túúbá ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, Japan ní oṣù Kẹjọ. Àpótí ìròyìn sọ pé ogun ti parí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí yóò kó àwọn sójà wálé kò tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní Íńdíà di ọdún 1946. Àwọn tó dé kò bá ohun tí wọ́n ń retí. Iṣẹ́ kò tó, owó tí wọ́n fún wọn kò pẹ́ tó fi tán, ìjọba sì kà wọ́n sí ẹni tó ti gba tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sọ ohun tí wọ́n rí fún ọmọ wọn. Àwọn kan sọ ọ́: bàbá òǹkọ̀wé Bíyì Bándélé, tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, jà ní Bọ́má, ìtàn tí ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sì wà lára ohun tó mú un kọ ìwé Burma Boy, tó jáde ní 2007.

Ogun náà fi àmì sílẹ̀ ní Ìbàdàn tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń kọjá lójoojúmọ́ lè má mọ̀. Bárékè àwọn ológun ní Mọ́kọ́lá ń jẹ́ Letmauk, orúkọ ìlú tí Division 82 ti jà. Ní Ẹlẹ́yẹlé, ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn fún àwọn ológun nígbà ogun, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 56. Inú àwọn ilé wọ̀nyẹn ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1948, kó tó kó lọ sí ilẹ̀ tó dojú kọ Agbowó lónìí. Ayẹyẹ ìrántí àwọn sójà tó bógun lọ, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá tẹ́lẹ̀, kúrò lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kínní, ọjọ́ tí ogun Biafra parí ní 1970, ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tó ti pa ara rẹ̀ lẹ́kún, àmọ́ àyè àwọn tó jà ní Bọ́má kéré sí i nínú ìrántí náà láti ìgbà náà.

Ìròyìn ogun òkèèrè ti rọrùn láti gbọ́ nísinsìnyí. BBC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ní èdè Yorùbá ní oṣù Kejì ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Agbowó sì lè rí bọ́ǹbù tó bọ́ ní Kyiv tàbí Khartoum lórí fóònù kí èéfín rẹ̀ tó lọ sílẹ̀. Nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀, òbí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbẹ̀ ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń tò ní ẹnubodè, títí bàálù ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn dé Àbújá ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2022. Ìyá sójà Bọ́má kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò ní ọmọ lójú ogun, ìròyìn tó pọ̀ lè ṣe ohun tí ìròyìn tó kéré ṣe: iye àwọn tó kú á máa kọjá lójú láìsí orúkọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn ológun Bọ́má, tó ti di Myanmar, kọjú ìjà sí àwọn Rohingya ní Arakan. Èyí tó lé ní 700,000 nínú wọn sá lọ sí Bangladesh. Ìròyìn náà dé Nàìjíríà bí ìròyìn ilẹ̀ àjèjì. Ìwọ̀nba ènìyàn ló rántí pé inú ilé àwọn ènìyàn yìí ni ọmọ Emùré-Ilé kan ti rí ibi sá pamọ́ sí.

Orúkọ àwọn sójà tó kú ní Bọ́má wà nílẹ̀. Ní ibojì Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, tí wọ́n ń pè ní Yangon báyìí, òpó ìrántí kan gbé orúkọ àwọn tó sún mọ́ 27,000 tí kò ní sàréè tí ẹnikẹ́ni mọ̀, àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn. Commonwealth War Graves Commission ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, ó sì ṣeé wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe kọ orúkọ. Akọ̀wé ológun ń kọ ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́, ó sì máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìdílé, tó bẹ́ẹ̀ tí Ràímì tó ti Ìbàdàn wá fi lè di Raimi Ibadan nínú ìwé. Ẹbí tó bá ń wá ẹni wọn ní láti gbìyànjú orúkọ àbísọ, orúkọ ìlú, orúkọ bàbá, àti oríṣiríṣi ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà kọ wọ́n. Nọ́ńbà sójà, bó bá wà lára ìwé ìdásílẹ̀ tàbí lẹ́yìn fọ́tò àtijọ́, ló dára jù. Àìpé sì wà nínú àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀: ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ yìí tọrọ àforíjì, ó ní ó kéré tán 116,000 ẹni tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ni wọn kò fi orúkọ rántí tàbí tí wọn kò rántí rárá. Àjọ náà ń gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ìdílé tí orúkọ ẹni wọn kò bá sí níbẹ̀.